Ìbò Méjì Ní Ara Mi Kò Yá

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Ẹ̀kọ́ náà kò ní wúwo jù fún orí rẹ, ojú tí o fi ń wo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò ní ṣú. Èmi náà wà. Òrùlé kò jò mọ́, ike àtijọ́ ni mo fi dí i, n kò náwó.

Ohun tí o ṣàlàyé fún mi lórí fóònù ni mo fi ń ṣe ilé báyìí. O ní ò ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí wọ́n jìnnà síra ṣe ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, pé wọ́n máa ń bi ara wọn ní gbogbo ìgbà pé ṣé o wà, àti pé bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá sọ ni gbogbo wọn ń gbà. Mo rò ó pé bí irin bá lè máa béèrè ara wọn, kí ló dé tí kò fi sí ẹni tó ń béèrè mi. Mo bá bẹ káfíńtà, ìyá aránṣọ, àti nọ́ọ̀sì tó gba yàrá ẹ̀yìn pé kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n kànkùn, ọṣẹ wà lójú mi, n kò tètè dáhùn. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ojú mi ti pọ́n. Káfíńtà ní ara mi kò yá. Ìyá aránṣọ ní òun ti fura láti àná. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ní ọṣẹ lásán ni. Ìbò méjì sí ẹyọ kan, kí ni mo tún fẹ́ wí? Mo lọ dùbúlẹ̀. Ìyá aránṣọ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, káfíńtà ń ròyìn ọ̀gá rẹ̀ tó ya ahun débi pé ó ń ka ìṣó kó tó sùn, nọ́ọ̀sì náà sì dé láti ibiṣẹ́, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aláìsàn wo ló ń jẹun tó báyìí. A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti pẹ́ tí yàrá mi ti kún bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pé ara mi ti yá, kálukú bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo kó àga tí wọ́n jókòó lé padà sídìí ògiri.

Nítorí náà, bí o bá pè wọ́n, wọn á ní ìyá rẹ wà dáadáa. Èmi nìkan ni n óò sọ pé n kò wà dáadáa. Jọ̀wọ́, lẹ́ẹ̀kan yìí, má tẹ̀lé èyí tó pọ̀ jù.

Mo fẹ́ tọrọ owó epo àtùpà, ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀, bí o bá fi owó náà wọkọ̀ wálé, yóò tó ọ. Epo lè dúró. Bí o bá wà níbí, a lè jọ jókòó sínú òkùnkùn.

Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ