Àmín tí kò sí lórí pátákó Bàbá

Ọjọ́bọ̀, Àgọ́-Ìwòyè

Ojú ṣì ń tì mí.

Ìyá Mákùn, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wá kí wa láti Mákùn-Omi. Wọ́n di ọwọ́ Bàbá mú, wọ́n ń ṣàdúrà, à ń ṣe Àmín. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn Bàbá, pátákó tí mo ya àwòrán sí ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí àdúrà ti ń lọ lọ́wọ́, ìka ọwọ́ kejì Bàbá ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀: oúnjẹ, ike ìtọ̀, ibi tó ń dùn wọ́n, omi. Mo sáré bu omi wá. Bàbá ti ife náà dànù, wọ́n bú sẹ́kún.

Ìyá Mákùn ní, "Ṣìfáwù, àdúrà mà là ń ṣe! Àmín ló ń wá."

Mo rántí ya ike ìtọ̀, mi ò rántí Àmín. Àfi bí ẹni pé ikùn nìkan ló kù lára bàbá mi.

Nígbà tí àlejò lọ, mo ya àtẹ́lẹwọ́ méjì tó là sílẹ̀, àmì Àmín, sáàárín pátákó. Bàbá fi ìka lé e, wọn ò gbé e kúrò, wọ́n ń wo ojú mi.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bọ́ wọn, mi ò ṣàdúrà kankan sí wọn létí rí. Wọ́n ti ṣe Àmín sílẹ̀, àdúrà ni wọ́n ń retí.