Fìlà Tí Mi Ò Fọ̀

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
A ti sin Bàbá. Àlejò ti lọ tán, ilé dá páropáro. Ó ku èmi àti ajá. Àbíkẹ́yìn ni Bàbá máa ń pè é — "Ẹ kí àbúrò yín!" — àwa náà á sì kí i, kí àlàáfíà lè wà. Ó sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó kọjú sógiri.
Alágbàfọ̀ ni mí. Bí ọkàn mi bá bàjẹ́, ọṣẹ ni ọwọ́ mi máa ń wá. Mo kó gbogbo aṣọ Bàbá, mo rẹ wọ́n, mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n. Títí kan aṣọ ìbora. Wọ́n mọ́ tónítóní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Kò jẹun. Omi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Dókítà ẹran wá, obìnrin jẹ́jẹ́. Ó ní kò sáìsàn lára rẹ̀, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ajá ń ṣọ̀fọ̀! Ó ní kí n yéé gbé oúnjẹ sínú abọ́ lásán. Kí n fi aṣọ àlòkù Bàbá ṣe ohun ìṣeré, kí n fi oúnjẹ pamọ́ sínú rẹ̀, kí imú rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. "Tó bá ní láti wá a, á jẹ ẹ́." Ṣùgbọ́n ká tètè ṣe é o, ajá náà ti dàgbà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Iṣẹ́ pọ̀ lónìí. Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo hun ún bí irun, mo ta á ní kókó lórí àti nídìí. Mo ki ike omi sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kó lè máa dún. Mo se ẹ̀dọ̀, mo gé e wẹ́wẹ́, mo yan án títí ó fi gbẹ. Mo po ànàmọ́ mọ́ ẹyin, mo ṣù ú róbótó róbótó. Èmi gan-an tọ́ ọ wò — kò burú, iyọ̀ ló kù. Mo ká gbogbo rẹ̀ sínú tówẹ̀lì Bàbá.
Àbíkẹ́yìn gbóòórùn rẹ̀. Ó sín. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Alátakò wá — àbúrò mi tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà símú. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, èyí kì í ṣe ti Bàbá mọ́ o, ọṣẹ ṣọ́ọ̀bù yín ló ń rùn. Mo ní kó panu mọ́.
Nígbà tó lọ, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ki imú bọ aṣọ kan, mo ki í bọ òmíràn. Ọṣẹ. Ọṣẹ. Ọṣẹ àti sítáàṣì. Yéè! Òórùn tábà rẹ̀, ti ìpara rẹ̀, ti òógùn rẹ̀ — ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á sí gọ́tà. Ikú mú Bàbá, èmi náà tún fọ ìyókù dànù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Fìlà kan ṣẹ́ kù. Abẹ́ ìjókòó mọ́tò ni mo ti rí i lánàá, fìlà òtútù rẹ̀, etí rẹ̀ ṣì ń dán fún ìpara. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo bá ṣí ọ̀rá náà díẹ̀, àfi bíi pé Bàbá jókòó tì mí.
Mi ò sọ fún Alátakò. Mi ò sì mú un fún ajá. Èmi ni àkọ́bí. Tèmi ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Àbíkẹ́yìn ò lè dìde mọ́. Dókítà ní, "Ẹ mọ́kàn le, mà." Ojú tì mí. Èmi ní fọ́tò Bàbá. Mo ní ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Kí ni ajá ní?
Mo kó ẹ̀dọ̀ gbígbẹ sínú fìlà náà, mo ta á ní kókó kan tó dẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀.
Imú rẹ̀ mì. Ìrù rẹ̀ gbálẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì di fìlà mú, ó ń ké jẹ́jẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Ó pẹ́ kó tó tú kókó náà. Ó jẹ gbogbo ẹ̀dọ̀ náà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó jẹun àárọ̀ — nínú abọ́! Fìlà ti di àkísà, itọ́ ti rin ín gbingbin. Mo gbé èyí tó tóbi jù níbẹ̀ símú. Ajá. Ajá nìkan ló ń rùn. Mo sunkún gan-an. Àbíkẹ́yìn wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀.
Mo ṣa àwọn àkísà náà jọ, mo tún ta wọ́n ní kókó fún un. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fọ̀ wọ́n.