Bàbá Mi, Ẹ Ò Gbé Epo Pọ̀ Mọ́ Ẹja Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti di ìyàwó o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí gbogbo ayé ló ti gbọ́, ó wá ku ẹ̀yin nìkan. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ló gbé wa lọ sí Ugbónlà lọ́dọ̀ àwọn àna yín. Màámi jókòó síwájú, wọ́n di àpótí mi mú bí ẹni pé omi fẹ́ gbà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń kọrin, ọ̀kan nínú wọn dìde láti jó, ọkọ̀ fì, gbogbo wa ké, a sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Tẹmídayọ̀ lorúkọ ọkọ mi. Ẹ ò bá a pàdé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò ní Okìtìpupa ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bíi tiyín, láti èjìká ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ óò fẹ́ràn rẹ̀? Mo rò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì.

Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé mo ń sáré kọ ọ́, ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéyàwó nìkan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù yín tí ẹ fi ń bá mi kó ẹja lọ sọ́jà ni, àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín létídò Igbókòdà.

Ìyá Bọ́sẹ̀, oníbàárà mi láti Ọ̀rẹ̀, dá apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan mẹ́ta padà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní bẹntiróòlù ló ń rùn. Ìgbà kẹta nìyẹn. Mo kọjú sí yín níwájú àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn alájàpá, mo ní, "Bàbá, ẹ tún ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo pọ̀ mọ́ ẹja mi! Ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?" Ẹ ní, "Mi ò gbé epo, ọmọ mi." Mo pòṣé. Mo pòṣé sí yín, Bàbá, lójú gbogbo èèyàn.

Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láràárọ̀, ẹ óò ní kí n wá gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé ẹ ń fọ ẹ̀rí nù ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja mi sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí àìsàn dé, mo se ọbẹ̀ fún yín, mo fọ aṣọ yín, ṣùgbọ́n mi ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́, ẹ̀yin náà ò sì mẹ́nu bà á títí ẹ fi papòdà. Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Màámi ní àwọn fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin, torí òórùn rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ. Tẹmídayọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó ná. Ó ṣí ìdérí táǹkì, afẹ́fẹ́ jáde fìììì, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ti di èémí mú láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pè mí, ó sì fi agolo dúdú kan hàn mí.

"Kánísítà nìyí. Èédú ló kún inú ẹ̀."

Ó ní bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn, epo inú táǹkì a máa di ooru, ooru náà a gba inú rọ́bà lọ sínú agolo yìí, èédú a sì gbà á mọ́ra títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fà á tí yóò sì jó o. Bẹ́ẹ̀ ni òórùn kì í fi í jáde. Ṣùgbọ́n ooru nìkan ni èédú náà lè gbà. Bí epo gan-an bá wọ ibẹ̀, ó parí, òórùn á máa tú jáde sára ẹrù.

Ó tú u, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo bí ọmọ tuntun, mo sì gbọ́ epo tó ń mì nínú rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Báwo ni Bàbá ṣe máa ń ra epo?"

 Bàbá, mo rí yín lójú inú mi ní ilé epo. Bí ẹ̀rọ bá ti dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ óò ní kí wọ́n má tíì yọ ọ́. Ẹ óò fi ìdí ti ọkọ̀, ẹ óò mì ín lọ mì ín bọ̀, kí epo lè jókòó dáadáa, ẹ óò tún ní kí wọ́n rọ sí i títí yóò fi máa dán lẹ́nu táǹkì. Bí a ṣe ń ṣe é fún ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ta ni yóò gba orí omi lọ sí Araromi pẹ̀lú táǹkì tí kò kún? Kò sí ilé epo lójú omi. Èmi gan-an ni mo máa ń bá yín mi ọkọ̀ náà! Ẹ mọ ọkọ̀ ojú omi wà kí ẹ tó mọ ti ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa pé ti ilẹ̀ ń fẹ́ àyè díẹ̀ lókè láti mí. Gbogbo epo tí à ń mì wọlé yẹn ló ń ṣàn lọ sínú èédú.

Ẹ ò gbé kẹ́ẹ̀gì kankan. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú aṣọ ìyàwó tuntun lára mi, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Tẹmídayọ̀ tú wáyà bátìrì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí. Rọ́bà mẹ́ta ló wọ inú agolo náà, ó sì ti fi òwú àwọ̀n sàmì sí wọn kó má baà ṣì wọ́n: kókó kan fún ti táǹkì, méjì fún ti ẹ́ńjìnnì, mẹ́ta fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́. Màámi ní, "Ṣé torí èédú lẹ ṣe ń dààmú tó báyìí? Àpò méjì ń bẹ nílé, ẹ jẹ́ kí n bù wá!"

Tẹmídayọ̀ ní, "Màámi, èédú ẹja yíyan nìyẹn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí."

"Èwo ni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀? Ṣé tìrẹ lọ sílé ìwé ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó lọ ra agolo tòkunbọ̀ ní Okìtìpupa, èyí tó gbẹ tó sì fúyẹ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà kan tó ti là, ó gbọn eruku tó dí ojú ihò afẹ́fẹ́. A kó apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, a fi tapólì bò wọ́n pinpin, a sì gba inú oòrùn ọ̀sán lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ti imú bọ inú apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ti imú bọ ìkejì. "Ọkọ̀ ta lẹ gbé wá?" Mo ní ọkọ̀ Bàbá mi ni. Wọ́n ní ká sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.

Bí a ti dé Igbókòdà, etídò ni mo gbà lọ tààrà. Mo pariwo pé, "Ẹ gbọ́ o! Bàbá mi ò gbé epo pọ̀ mọ́ ẹja mi rí. Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìlérí, àgbà awakọ̀ ojú omi níbẹ̀, wò mí. "A ti mọ̀ tipẹ́. À bá ti fà ọ́ létí lọ́jọ́ náà. Bàbá ẹ ló bẹ̀ wá pé ká fi ọ́ sílẹ̀, pé ọjà ọmọ òun ló bàjẹ́, ká jẹ́ kó kanra."

Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí? Lẹ́yìn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín? Mo ti ń bẹ̀rù pé ẹ gbé ẹ̀dùn náà lọ. Àṣé ẹ ti dárí jì mí kí n tó kúrò létídò lọ́jọ́ náà, èmi ni mi ò mọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín,
ìyàwó tuntun Ugbónlà.