Nọ́ńbà Tó Wà Lókè Ojú-ewé

Sí ọkọ olóògbé àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí kò jẹ́ kí a lè fìdí jókòó ni ẹgbẹ́ wa fi ń bá yín kẹ́dùn ikú aya yín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ-Tún-un-Ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe ìkànnì ayélujára wa fún àwọn òbí tí irú jẹjẹrẹ tí kò wọ́pọ̀ ń bá ọmọ wọn jà.

Kò sí ojú-ewé tí wọn kì í dán wò. Wọn a gbé ìrọ̀rí tí wọ́n rọ iyanrìn sí, tó wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́ta, sápá òsì, wọn a wá fi àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan wá ìdáhùn lórí fóònù. Bí wọn ò bá tètè rí i, wọn a ní, “Ẹ tún un ṣe.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá ohun tí dókítà àgbà kan kọ fún ìkànnì náà padà, wọ́n ní ìyá tó ń sunkún kò lè ka ju ìlà mẹ́ta lọ. Inú bí dókítà. Ìlà mẹ́ta náà ló wà níbẹ̀ dòní.

Wọ́n tún ní kí nọ́ńbà ènìyàn gidi wà lókè gbogbo ojú-ewé. A rò pé ti ọ́fíìsì ni wọ́n fi síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ikú wọn, èmi akọ̀wé pe nọ́ńbà náà láti mọ ẹni tó ń dáhùn rẹ̀. Àṣé fóònù tiwọn ni; àkọ́bí yín obìnrin ló gbé e. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn tó jọ ti ìyá rẹ̀, ẹkún gbà mí lẹ́nu. Ọmọ náà rò pé òbí ọmọ aláìsàn ló ń pè. Ó ní, “Ẹ má kánjú, mò ń gbọ́ yín. Ọmọ yín ti pé ọdún mélòó?”

Ojú tì wá. Ẹni tó yẹ ká rẹ̀ lẹ́kún ló ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Bí ẹ bá yọ̀ǹda, láti ọ̀la ni àwa òṣìṣẹ́ yóò máa gba ìpè náà ní ìpín-ìpín, kí ilé yín lè ráyè ṣọ̀fọ̀. A kò ní pààrọ̀ nọ́ńbà náà.

A gbé ìrọ̀rí iyanrìn ka lẹ́tà yìí náà kí a tó fi ránṣẹ́. Ó ṣì gùn jù. Wọn ì bá dá a padà.

Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kó tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú, kó sì máa gbé ìpè yín nígbàkígbà tí ẹ bá pè é.

Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́