Ṣọ́bìrì Yín Lọ́nà Ìyìn

Bàbá mi oníṣọ́bìrì,

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, èmi ọmọ yín nìkan ni mo gba gbogbo Èkìtì lọ́wọ́ omi. Mo lé àgbàrá padà nígbà tó fẹ́ gbé títì lọ. Ọgọ́jọ lọ́rì ló dúró, gbogbo dẹ́rẹ́bà wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà fún mi bí ẹni rí gómìnà.

Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Èjìká ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí ihò abẹ́ títì tí omi ń gbà kọjá, tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, níbi tí ọ̀nà Ìyìn ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti kú, kò sí lébìrà kankan tí wọ́n fi rọ́pò yín. Koríko hù síbẹ̀, iyanrìn dí i, àwọn aládùúgbò tún ń da ìdọ̀tí lé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tí mo bá ń lọ sílé ìwé, mo sì ń gbójú kúrò. Iṣẹ́ yín ni. Kí ló kàn mí?

Èmi náà sì níṣẹ́ tèmi. Wọ́n ti yàn mí láti ṣáájú ìbúra tuntun tí a ń ṣe fún Nàìjíríà lórí ìlà láràárọ̀, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá láti Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, máa wá wo ilé ìwé wa. Ẹ mọ ẹnu mi. Bí mo bá ń búra, ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn kíláàsì á dúró ṣánṣán. Màámi ti ròyìn ẹ̀ ká Ọjà Ọba. Wọ́n rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún mi, wọ́n sì ti múra láti wá dúró lẹ́yìn ọgbà kí wọ́n lè gbọ́ ohùn mi.

Òjò àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tó dá díẹ̀, Màámi ṣáájú mi lọ. Mo dé ibi ihò yẹn, omi ti gun orí títì, ó ń ge ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì. Mo fò ó kọjá, Bàbá. Mi ò ní purọ́ níbí. Mo rìn dé ìdí igi ọ̀sàn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ẹ ṣe máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ tí òjò bá ti ń rọ̀, tí ẹ á da ọ̀rá borí, tí ẹ á gbé ṣọ́bìrì. Kò sẹ́ni tó rán yín. Ẹ ò mọ ìbúra kankan. Tí rédíò bá ń kọ orin ìjọba, ẹ̀yin ti ń hanrun. Kí ló dé tí ẹ kì í jẹun tán?

Mo padà sílé, mo gbé ṣọ́bìrì yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Iyanrìn yẹn wúwo bí òkú màlúù. Kí omi tó ríbi gbà, àwọn àlejò ti padà sí Àkúrẹ́. Ọmọ mìíràn ló búra. Ẹgba mẹ́fà ni tíṣà fún mi, nítorí pé mo tàbùkù orílẹ̀-èdè mi. Màámi ò bá mi wí. Wọ́n wo ẹrẹ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ṣọ́bìrì, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Kò tíì funfun.

Gbogbo ìtàn yín nídìí oúnjẹ, nípa àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń dúró ṣí fìlà fún yín, mo gbà á gbọ́ láti kékeré. Ṣé wọ́n dúró lóòótọ́?

Fún tèmi, lọ́rì tó sún mọ́ mi jù ta ẹrẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ìyá arúgbó kan tó ru iṣu bọ̀ láti Ìyìn nìkan ló kí mi. Ẹrù ò jẹ́ kí wọ́n lè yíjú. Wọ́n ní ẹ kú uṣẹ́ o, bí ẹni tó ti ń kí oníṣẹ́ ibẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Mo bá yín jẹ́ ẹ.

Ọgọ́jọ lọ́rì tí mo kọ sókè yẹn, ìyá arúgbó náà ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.