Ojú Ewé Tí Mo Fò Nínú Ìwé Òfin Yín

Bàámi tí mo fẹ́ràn,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè rò ó fún. A dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ níbí, ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì fi mí ṣe olórí. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan falẹ̀. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa l'Óǹdó ni mo gbà lọ tààrà. Mo gbé ìwé tí ẹ fọwọ́ yín kọ nígbà tí ẹ jẹ́ akọ̀wé àwọn ọmọ ogun afínnúfíndọ̀ lábẹ́ ìjọba òyìnbó, èyí tí ẹ fi kọ gbogbo òfin wọn sí èdè wa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo pín in fún wọn.

Kí ni mo rí? Aago mẹ́fà àárọ̀ la kọ sí rọ́sítà, aago méje ni wọ́n ń yọjú. Mo bá wọn wí, ọ̀kan dá mi lóhùn pé, "Ìyá Ológun, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sanwó oṣù wa ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, Bàámi?

Bàbá Dúpẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò wá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọn kò sì gbé fóònù. Ó sú mi. Mo fagi lé orúkọ wọn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, mo lẹ ìwé ìyọkúrò wọn mọ́ géètì àdúgbò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dúpẹ́ gbé aṣọ ẹ̀ṣọ́ bàbá rẹ̀ wá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, fèrè àti tọ́ọ̀ṣì wà lórí ẹ̀. Òfin yín ni pé kí ẹni tó bá kúrò dá gbogbo ohun tó gbà padà ní mímọ́. Wọ́n pa òfin náà mọ́.

"Mà, bàbá mi ní kí n má jókòó, kí n kàn gbé e fún yín, kí n sì kí yín. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu ìyá mi. Ọsibítù l'Óǹdó ni bàbá mi ti ń tọ́jú wọn látọjọ́ tí wọn ò ti wá síṣẹ́ mọ́."

Bàámi, òfin kan dá wà lójú ewé kan nínú ìwé yín, ẹ fi íńkì pupa fàlà sí i nídìí: a kò gbọdọ̀ jẹ ẹnikẹ́ni níyà láìjẹ́ pé ó gbọ́ ẹ̀sùn, kó sì wí tẹnu ẹ̀. Mo rí i. Mo fò ó nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́, torí mo rò pé á máa fi àkókò ṣòfò.

Ta ló mú yín fàlà sí i? Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣi ẹnì kan jẹ níyà rí? Bí a bá ṣẹ̀ yín nílé, ẹ ó kọ́kọ́ bọ́ fìlà sórí tábìlì, ẹ ó ní kí oníkálukú sọ tiẹ̀. Ó máa ń pẹ́, orí mi á sì gbóná.

Mo ti já ìwé náà kúrò lára géètì, mo sì ti sọ ohun tí mo ṣe fún ẹgbẹ́. Bàbá Dúpẹ́ kò tíì gbé ìpè mi. Ọ̀la, mò ń lọ sí ọsibítù náà. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà láti padà. N ó bẹ̀ wọ́n, n ó dákẹ́, kí wọ́n sọ tiwọn tán. Bó bá gbà wọ́n látàárọ̀ dalẹ́, n kò ní wo aago.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìwàǹwára ń dà láàmú, tí àárò yín ń sọ.