Ewé Tó Hù Nídìí Iṣu

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, ọdún 2007

Àwòrán iṣu tó máa wà lára ọ̀rá èlùbọ́ ti péye báyìí. Èmi tí mi ò mọ àwòrán yà rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi yà á.

Lọ́la ni ìyá mi, alága ẹgbẹ́ elélùbọ́ ní Ìrè, máa gbé e síwájú ẹgbẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, inú ọ̀rá tí kò lórúkọ ni èlùbọ́ wọn yóò tún wà. Mo mú ìyá mi wá sí ibi iṣẹ́ mi ní Ọyẹ́ lónìí, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó nínú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n wò ó títí. "Ọmọ mi, uṣu wo ló ń hu ewé nídìí?"

Ojú tì mí. Lánàá ni mo yí orí iṣu náà sí òsì kí orúkọ ẹgbẹ́ lè ráyè, mi ò rántí gbé ewé tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n nínú sọ́fúwìà ọ̀fẹ́ tí mo fi yà á, ewé dá wà, iṣu dá wà. Mo fi máòsì sí wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n tẹ ewé kí wọ́n sì fà á. Ewé náà rọra kọjá lórí iṣu, ó lọ bà sórí. A fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà rẹ̀ ò bàjẹ́.

Nígbà tí à ń padà sí Ìrè, wọ́n ń sọ fún ọlọ́kadà pé àwọn làwọn ya iṣu ẹgbẹ́.

Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí. Nígbà tí alága fúnra wọn ti ní àwọn làwọn yà á, ta ló máa kọ̀ ọ́ lọ́la?